Agbo Ijó Ti Tú

Oṣù kìíní ọdún 2013 ni wọ́n wó o. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Nicholas, ní apá àríwá ìlú Pittsburgh, lórí òkè tó dojú kọ odò Allegheny. Láti ọdún 1901 ló ti wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ ni ìjọ Kátólíìkì àkọ́kọ́ tí àwọn ará Kroatíà dá sílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ní ọdún 1894. Nígbà tó di ọdún 2004 wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, bí opó tí ẹbí ọkọ kò yà wò mọ́, kí katapílà tó dé. Ọ̀nà mọ́tò ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, ògiri ń wó.

Arò ni mo fẹ́ dá, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì náà nìkan, ti orin àti ijó àwọn tó kọ́ ọ ni. Ẹ má bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀fọ̀ àwọn ará Kroatíà. Ẹni tó bá ní ọmọ ọmọ ní London tàbí ní Houston, tó ti gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ka oríkì ìdílé rẹ̀ bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù, kò ní í bi mí. Mo fẹ́ sunkún òkú yìí bó ṣe yẹ kí á sunkún òkú ẹlòmíràn: ká mọ orúkọ rẹ̀, ká mọ ilé tó ti wá, ká mọ ohun tó pa á.

Ilé tó ti wá ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni àwọn tó gbé e wá láti Kroatíà, apẹja ni wọ́n, olùṣọ́ àgùntàn ni wọ́n. Wọ́n wá láti Lika, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, láti Gorski Kotar tó jẹ́ igbó dúdú, láti Žumberak, láti etíkun Dalmatia àti àwọn erékùṣù rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní filoksera wọ oko àjàrà ilẹ̀ Yúróòpù. Gbòǹgbò ló ń jẹ, lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ewé a ṣì máa tutù, àgbẹ̀ a rò pé àlàáfíà ni. Kí kòkòrò náà tó dé Dalmatia ni ọjà wáìnì ti ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí àdéhùn tí ìjọba Austria-Hungary bá Itálíà ṣe ní ọdún 1891, tó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wáìnì Itálíà láti wọlé ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́, tí oko rẹ̀ tún wá kú, ọkọ̀ ojú omi ló kù fún un. Àwọn kan gba Ṣílè lọ, títí dé Punta Arenas ní ìpẹ̀kun ilẹ̀. Àwọn kan lọ ń wa oje igi kauri tó ti gan sínú ilẹ̀ ní àríwá New Zealand, níbi tí àwọn Māori ti sọ wọ́n ní Tarara. Ọ̀pọ̀ wọ Amẹ́ríkà: ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà ní Calumet, ní ìpínlẹ̀ Michigan, iléeṣẹ́ irin ní Pittsburgh, ní Youngstown, ní Gary, ní gúúsù Chicago.

Irin a máa pa wọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ sílẹ̀ ní Pittsburgh ní ọdún 1894 kan náà, ẹgbẹ́ tó wá di Hrvatska bratska zajednica ní ọdún 1926, kí owó lè wà nílẹ̀ láti fi sin òkú, kí opó lè rí nǹkan jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rò pé òun yóò ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀, òun yóò padà lọ ra ilẹ̀. Ní ọdún 1924 òfin Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn wọn: ènìyàn 671 péré ni wọ́n fàyè gbà láti gbogbo Yugoslavia lọ́dún kan. Àwọn àgbà wa ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Odò yìí kò gbàgbé. Wọ́n dí i ni.

Ohùn wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé. Ẹ jẹ́ kí n ka orúkọ àwọn ohùn náà, nítorí orúkọ ni mo ní ká kọ́kọ́ mọ̀.

Gusle wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ gòjé ti mọ gusle: igi tí wọ́n gbẹ́ bí ìgbakọ, awọ ẹran tí wọ́n tẹ́ sí i lójú, okùn irun ẹṣin kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan a jókòó, a gbé e sáàárín orúnkún, a máa ra á, a máa fi ohùn gígùn kan náà ka ìtàn ogun àti ti akọni láti ìrọ̀lẹ́ títí tí iná yóò fi kú nínú ààrò. Samica wà níbẹ̀, tambura kékeré tí olùṣọ́ ẹran ń dá ta fún ara rẹ̀ lórí pápá, tó fara jọ mólò nínú ìwà ju bó ṣe fara jọ ọ́ lójú lọ. Mih wà níbẹ̀, odindi awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, tí wọ́n wá ń fún lábíyá kó lè máa ké.

Lijerica náà wà níbẹ̀, n ó sì dúró tì í díẹ̀, nítorí òun ló dùn mí jù. Ní agbègbè Dubrovnik, òun ni ohùn ijó. Láti inú igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, ó sì rí bí èso píà tí wọ́n là sí méjì. Okùn mẹ́ta ló ní. Ẹni tó ń lò ó a jókòó, a gbé e lé orúnkún, a fi ọrun máa ra á, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa kilẹ̀ gìdì, gìdì, gìdì. Ẹsẹ̀ yẹn ni ìlù. Ìlù mìíràn kò sí. Linđo ni wọ́n ń pe ijó náà. Olórí ijó ló ń kígbe pe bí tọkùnrin tobìnrin yóò ṣe yí, ẹni tí wọn yóò kọjú sí, ìgbà tí wọn yóò pààrọ̀ ẹnìkejì wọn. Yóò fi àwọn oníjó ṣẹ̀fẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń wo ọmọbìnrin ẹlòmíràn, gbogbo agbo yóò bú sẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ onílijerica yóò sì yára sí i.

Gbé ijó yìí wọ ilé tí ọmọ kò ti gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ mọ́. Ta ni yóò pàṣẹ? Èdè wo ni yóò fi pa á? Wọ́n lè há àṣẹ náà sórí, wọ́n lè mọ̀ pé tí ó bá ti pe báyìí, apá ọ̀tún ni kí á yí sí. Ẹ̀fẹ̀ ni kò ṣeé há sórí. Àwàdà tí ọmọ ogún ọdún há sórí láti ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tí àwọn tó ń gbọ́ náà kò mọ̀ ọ́n, kò yàtọ̀ sí òkú tí wọ́n wọ̀ láṣọ tí wọ́n gbé jókòó sórí àga. Lijerica, ó di gbéré. Ẹsẹ̀ tó ń kilẹ̀ fún ọ ti wọ bàtà iléeṣẹ́ irin, kò bọ́ ọ mọ́.

Sopile ńkọ́? Fèrè onígi ni, méjì ni wọ́n sì ń jẹ́ nígbà gbogbo, ńlá àti kékeré, tí ohùn wọn ń ha ara wọn bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá gba inú ihò àpáta. Istria ni ilé wọn. Àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì nínú orin wọn há ju ti dùùrù lọ. Kò sí ibi tí o lè tẹ dùùrù sí tí ohùn náà yóò ti jáde. Ivan Matetić Ronjgov, tó gbé ayé láàárín ọdún 1880 sí 1960, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá bí ènìyàn ṣe lè kọ orin náà sórí ìwé. Ní ọdún 2009 àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo aráyé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi dùùrù ilé-ìwé àti rédíò tọ́ etí rẹ̀ dàgbà ní òkè òkun, bó bá gbọ́ orin àwọn bàbá rẹ̀, yóò ní wọ́n ṣi ohùn gbé. Etí ló ń kọ́kọ́ kú. Ọwọ́ ló ń tẹ̀lé e.

Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ló là á já, tambura. Mo fẹ́ sọ ti ìgbàlà rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí àwọn tó gbà á là ṣiṣẹ́, wọn kò sì gba nǹkan kan lé e. Ìdílé ohun èlò olókùn ni tambura. Prim ni àbíkẹ́yìn, ó kéré tó ohun tí ọmọdé lè gbé mọ́ àyà, òun ló sì ń gbé orin, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìyẹ́ kòkòrò tó rọ̀ mọ́ gíláàsì. Brač ń dá a lóhùn. Bugarija kì í sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ń há ohùn sáàárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì kí agbo má bàa ṣubú. Berde ni ìyá, ó ga ju ènìyàn lọ, ìdúró ni wọ́n ń ta á. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ń gbè é. Lọ́dọ̀ tiwọn, àbíkẹ́yìn ló ń sọ̀rọ̀, ìyá ló ń gbè.

Ní Osijek, ní ìhà Slavonia, ni Pajo Kolarić ti kó àwọn onítambura jọ di ẹgbẹ́ kan ní ọdún 1847, nígbà tí àwọn ará Kroatíà tó wà lábẹ́ ọba Vienna ń wá ohun tí wọn yóò tọ́ka sí pé tiwa nìyí. Wọ́n tọ́ka sí tambura. Láti ibẹ̀ ló ti di àsìá. Nígbà tí àwọn aṣíkiri dé Amẹ́ríkà, tí àwọn ará ìlú ibẹ̀ ń bi wọ́n pé ta ni yín, ohun tó rọrùn láti gbé sókè ni wọ́n gbé sókè. Ọmọ Lika gbé e, ọmọ erékùṣù gbé e, ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kan tambura rí láyé gbé e. Ó sọ wọ́n di ẹyọ kan. Mo mọ ohun tí ìyẹn tó fún ẹni tó wà láàárín àjèjì.

Síbẹ̀ ẹni tó bá dárò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dójú ẹ̀: orí ibojì àwọn arákùnrin rẹ̀ ni tambura dúró sí. Wọ́n yan ọ̀kan, àwọn yòókù sì lọ láìsí ẹni tó sin wọ́n. Gusle tó wà lórí àjà, tí kòkòrò jẹ awọ rẹ̀. Mih tí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa awọ rẹ̀ tí kò fi ní í gbó. Inú iná àti inú pàǹtí ni irú wọn ń parí sí nígbà tí àwọn ọmọ bá ń palẹ̀ ilé bàbá wọn mọ́ kí wọ́n tó tà á.

Àwọn tó ń gbẹ́ tambura wá ńkọ́?

Igi kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbẹ́ ikùn prim láti inú rẹ̀ láyé àtijọ́, bí ẹni gbẹ́ igbá àdému. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọdún bíi mélòó kan, kì í ṣe lójú oòrùn, kí ó má bàa là. Pátákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bó bá nípọn jù, yadi ni. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, okùn irin yóò fà á ya. Kò sí ìwọ̀n tí wọ́n ń fi rúlà wọ̀n tó lè sọ ibi tó tó fún ọ, nítorí igi méjì kì í jọra. Ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e sí etí, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á tún fá a díẹ̀, wọ́n á tún kàn án. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, kò ní í rí nǹkan kan, yóò máa gbọ́ ni, títí di ọjọ́ tí etí rẹ̀ yóò là. Ọdún mélòó nìyẹn? Ọmọ wo ló ní in?

Àwa náà mọ irú ìmọ̀ yìí. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba kò gbé bàtá lọ́wọ́. Inú etí àti inú ọwọ́ wọn ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde, tí wọ́n fi igi ilẹ̀ àjèjì gbẹ́ ẹ, tí Àyàn sì dá wọn lóhùn ní Havana títí dòní. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ agbẹ́gi fi ká mi lára ju ọ̀rọ̀ olórin lọ. A lè fi ẹ̀rọ gba ohùn olórin sílẹ̀. Ohun tí agbẹ́gi gbọ́ nígbà tó kan igi, kò sí ẹ̀rọ tó gbà á.

Milan Opacich gbọ́ ọ. Panápaná ni ní ìlú Gary, ní ìpínlẹ̀ Indiana, lábẹ́ èéfín iléeṣẹ́ irin. Bó bá ti ẹnu iná dé, yóò tún jókòó ti igi. Ní Schererville ló ti ń gbẹ́ ohun èlò ìdílé tambura, ó ń tún èyí tó fọ́ ṣe, ó ń kọ ìtàn àwọn olórin àtijọ́ sílẹ̀ kó má bàa parun. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn àgbà oníṣẹ́ ìbílẹ̀ ní ọdún 2004. Ọdún 2013, ọdún tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ni òun náà kú. Ó fi ohun èlò sílẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀. Ẹ bá mi wo ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, èyí tó kàn án tó sì mọ̀ pé ó tó. Ilẹ̀ ló wà.

Òkú tún wà nínú ẹni tó là á já pàápàá. Tambura tí àwọn aṣíkiri àkọ́kọ́ gbé wá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní ti Farkaš, ikùn rẹ̀ rí roboto bí èso píà, bí wọ́n ṣe ń tún ohùn okùn rẹ̀ ṣe yàtọ̀ pátápátá sí ti òní. Èyí tó ní ìbàdí bíi ti gìtá, láti ìhà Srijem, ló borí lẹ́yìn náà. Ohun tó kù fún ti Farkaš ni ìṣó lára ògiri. Ọmọ tó ń kọ́ tambura lónìí, bó bá sọ ti bàbá bàbá rẹ̀ kalẹ̀ lára ìṣó, ìka rẹ̀ kò ní í mọ ibi tí yóò gbà.

Kí ló pa á? Mo ṣèlérí pé n ó sọ ọ́.

Iṣẹ́ tó kú ló pa á. Àwọn olórin tambura ní Amẹ́ríkà kì í ṣe olórin nìkan; ìléru ni wọ́n ti ń jáde wá, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ ilé ọtí tó wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti ta tambura láti tábìlì dé tábìlì, tí wọn yóò tẹ̀ sí etí ẹni tó ń mu ọtí, tí wọn yóò kọ orin abúlé rẹ̀ gan-an fún un, kì í ṣe ti abúlé kejì. Ọkùnrin náà yóò sunkún. Yóò ká owó bébà, yóò fi há okùn bugarija, tàbí kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin níwájú orí. Ẹ̀yin tó mọ òde àríyá wa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Kì í ṣe owó ni ọkùnrin yẹn ń ná. Orúkọ abúlé rẹ̀ ló ń rà padà.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, ní Youngstown, wọ́n kéde pé wọn yóò ti iléeṣẹ́ irin tó wà ní Campbell, nǹkan bí 5,000 ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́. Ní ọdún 1986 iléeṣẹ́ irin Homestead kógbá sílé, létí Pittsburgh. Ní ọdún 1992 ó kan South Works ní gúúsù Chicago, tó ti gba nǹkan bí 20,000 òṣìṣẹ́ rí. Ṣé ilé ọtí tó wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ yóò máa dá ṣílẹ̀kùn? Àwọn ọmọ kó lọ sí ibi tí iṣẹ́ wà. Ilé ọtí di ilé òfìfo, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ di ilé ìtajà. Olórin tó mọ orin ogójì abúlé kò rí ẹni abúlé kankan kọ ọ́ fún mọ́.

Ní gúúsù Chicago yìí kan náà ni Adam Popovich àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ti kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jill Godmilow ṣe fíìmù nípa wọn ní ọdún 1977. Adam wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn àgbà oníṣẹ́ ìbílẹ̀, ní ọdún 1982. Ọmọ Sérbíà ni wọ́n. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ wọn nínú arò Kroatíà, nítorí tambura kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́bàá odò Danube, Serb àti Kroat ló ń ta á. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n jọ ń jókòó, wọ́n jọ ń kọ ọ́. Ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn nílé ní ọdún 1991. Vukovar ṣubú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìlú kan láàárín ilẹ̀ tambura gan-an, wọ́n fọ́ ọ bí ẹni fọ́ ìkòkò. Ìró rẹ̀ dé òkè òkun. Ẹni tó ti ń fi bugarija gbe prim ẹnìkejì rẹ̀ gbé ohun èlò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Orin kan náà wá di ti ẹni méjì tí kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn.

Mo wá dé orí ijó, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé. Kolo ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí agbo. Wọ́n á so ọwọ́ pọ̀, wọ́n á kọjú sí ara wọn, ẹ̀yìn wọn á kọ sí ayé. Ẹni tó bá dé á já ọwọ́ méjì, á há ara rẹ̀ sáàárín. Arúgbó wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní ẹ̀yìn òkè Dalmatia, irú rẹ̀ kan wà tí kò ní ohùn kankan, nijemo kolo, agbo tó yadi: ẹsẹ̀ àti ìró ọ̀ṣọ́ irin lára obìnrin nìkan lẹ máa gbọ́. Wọn kò jó o fún ẹnikẹ́ni láti wò.

Lẹ́yìn náà ni ijó gun orí ìtàgé. Ní Zagreb, wọ́n dá Lado sílẹ̀ ní ọdún 1949, Zvonimir Ljevaković ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ní Pittsburgh, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Duquesne ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Tamburitzans láti ọdún 1937. Wọ́n fi ijó san owó ilé-ìwé, wọ́n gbé e yí Amẹ́ríkà ká, wọ́n sì wà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dá dúró fúnra wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọmọ tí ì bá máa tijú orúkọ bàbá rẹ̀ rí ìdí láti gbórí sókè. Nínú ẹgbẹ́ àwọn èwe ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní tambura lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ìyá ló ń rán aṣọ, àwọn bàbá ló ń wa bọ́ọ̀sì. Láti àárín irú wọn ni Jerry Grcevich, ọmọ agbègbè Pittsburgh, ti jáde, tí prim rẹ̀ fi dé ilé Kroatíà padà tí wọ́n sì gbọ́ ọ níbẹ̀ bí ohùn ọmọ tó ti òkun bọ̀. Wọ́n dá a lọ́lá ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n kí ijó lè bọ́ sórí ìtàgé, wọ́n ní láti la agbo. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Ẹni tó sanwó wọlé kò ní í jókòó kó máa wo ẹ̀yìn oníjó. Wọ́n ṣí apá kan agbo, wọ́n sọ ọ́ di ìlàjì, wọ́n kọjú sí òkùnkùn tí àwọn èrò jókòó sí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kí ijó tó máa ń gba wákàtí kan parí. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Arúgbó kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ibi tí àlejò lè já ọwọ́ méjì sí kí ó wọlé. Aṣọ náà dára, wọ́n rán an dójú àmì. Mo wo ojú agbo tí wọ́n là yẹn, àyà mi já, nítorí ibi tí mo rí i pé ẹ̀mí gbà jáde nìyẹn.

Nílé pàápàá, ohun tó ń lọ ń lọ. Ojkanje, orin tí wọ́n ń fi ọ̀fun gbọ̀n títí tí èémí ẹni tó ń lé e yóò fi tán, ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ ní ọdún 2010 sínú ìwé ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú kíákíá. Bí ó bá jẹ́ pé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i ni èémí rẹ̀ ti ń kúrú, kí ni kí a wí nípa ọ̀fun tí wọ́n gbé sọdá òkun?

Láti ibi tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, bí ènìyàn bá tọ etí odò lọ díẹ̀, yóò dé Millvale. Ṣọ́ọ̀ṣì ará Kroatíà wà níbẹ̀, St. Nicholas ni orúkọ tirẹ̀ náà, òun ṣì dúró. Maksimilijan Vanka, ayàwòrán tí wọ́n bí ní ọdún 1889, ló kun ògiri rẹ̀ ní ọdún 1937 àti ọdún 1941. Àwọn ènìyàn ń tọ́jú àwòrán náà dáadáa, wọ́n ń nu èérí ọdún pípẹ́ kúrò lára wọn. Lórí ògiri kan, àwọn ìyá láti Kroatíà kúnlẹ̀ yí òkú ọ̀dọ́kùnrin kan ká, ẹni tí iṣẹ́ Amẹ́ríkà pa. Lórí ògiri mìíràn, àwọn mìíràn láṣọ funfun yí pósí ẹni tí ogun pa ká nílé.

Àwọn obìnrin ilẹ̀ yẹn ní arò tiwọn. Naricanje ni wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ fún wọn. Ìyá á dúró lórí òkú, á pè é lórúkọ, á bi í pé ta ló fi òun sílẹ̀ fún, á ka ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí àti ohun tí kò tíì parí, láti inú ara rẹ̀ títí ohùn yóò fi há. Vanka mọ̀ ọ́n dájú. Ó kun aṣọ orí wọn, ó kun orúnkún wọn lórí ilẹ̀, ó kun ọwọ́ wọn.

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí ẹ ń wí ni mo fẹ́ gbọ́. Orúkọ wo lẹ fi ń pe ọmọ yìí?